Bí Eré Bí Eré, Àlàbọrùn Ń Dẹ̀wù

  

Lẹ́tà kan ni ó gbé ọ̀rọ̀ oṣù yìí wá. Ìyá kan tí ó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó kọ ọ́ sí wa. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún 13, wà nínú ẹgbẹ́ àwọn ọmọ tí wọ́n máa ń dúró lẹ́yìn tí ilé ìwé bá parí lọ́jọ́ Jímọ̀ láti ṣe eré kan tí wọ́n ń pè ní Dungeons & Dragons. Òun nìkan ni ọmọ aláwọ̀ dúdú nínú wọn. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń pín ipa tí olúkúlùkù yóò kó, ọ̀kan nínú wọn sọ fún un pé, “Ìwọ ni kí o ṣe orc. Ó bá ọ mu.” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, ọmọ náà sì bá wọn rín in. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kẹta, nígbà tí ìyá rẹ̀ ń fọ abọ́, ó wá dúró tì í, ó ní, “Mọ́mì, ṣé lóòótọ́ ni mo jọ orc?”

Ìyá náà kò mọ ohun tí ń jẹ́ orc. Ó bi ọkọ rẹ̀, bàbá sì ní eré lásán ni, kí ó má fi bá ọmọ lọ́kàn jẹ́. Ó wá bi wá pé: “Ṣé kí n gba eré náà lọ́wọ́ rẹ̀ ni, àbí kí n dákẹ́?”

Ẹ̀yin ará, a kò sáré fèsì. Ohun tí ojú ẹni kò tó, tálà ni a kì í fi í pa. A bi àwọn tí ó mọ̀ ọ́n, a sì ka ohun tí a rí kà. Ohun tí a rí ni pé ọ̀rọ̀ tí ọmọ náà bi ìyá rẹ̀ létí abọ́ fífọ̀, ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbàlagbà ti ń bá ara wọn jà lé lórí láti ọdún pípẹ́ ni.

IRÚ ERÉ WO NI?

Ọdún 1974 ni eré yìí jáde ní Amẹ́ríkà. Àwọn ọkùnrin méjì, Gary Gygax àti Dave Arneson, ni wọ́n ṣe é. Ẹni mẹ́rin tàbí márùn-ún yóò jókòó yí tábìlì ká. Ẹnì kan yóò máa pa ìtàn, àwọn yòókù yóò sì gba ipa àwọn tí wọ́n wà nínú ìtàn náà: jagunjagun, oníṣègùn, olè, oníidán. Bí ẹnì kan bá ní òun fẹ́ fo odò, yóò da dáìsì, iye tí dáìsì bá mú wá ni yóò sọ bóyá ó fò ó tàbí ó ṣubú sínú rẹ̀. Kì í ṣe eré olówó. Ìwé, pẹ́ńsù, dáìsì àti ọgbọ́n orí ni. Àwọn olùkọ́ kan tilẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé ó ń kọ́ ọmọ ní kíkà, ìṣirò àti bí a ti ń bá ẹlòmíràn ṣiṣẹ́ pọ̀.

Àwọn àgbà inú wa lè rántí pé ní ọdún 1980 sí 1989, àwọn Kristẹni púpọ̀ ní Amẹ́ríkà dojú ìjà kọ eré yìí nítorí àwọn ẹ̀mí èṣù àti ògèdè tí ó wà nínú rẹ̀. Ìyá kan tí ọmọ rẹ̀ pa ara rẹ̀ ní ọdún 1982 dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní 1983 láti bá a jà. Ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Nínú ariwo ọjọ́ wọ̀nyí, a wo èṣù inú ìwé náà títí, a kò wo ojú tí wọ́n fún àwọn ẹ̀dá inú rẹ̀.

Ọ̀kan lára àwọn ohun àkọ́kọ́ tí ọmọ yóò yàn bí ó bá fẹ́ ṣeré ni ẹ̀yà tí yóò jẹ́. Ènìyàn ni àbí elf, aràrá àbí ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ́ orc tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ènìyàn? Láti ìbẹ̀rẹ̀, “ẹ̀yà” gan-an ni ọ̀rọ̀ tí ìwé náà ń lò, ọ̀rọ̀ kan náà tí àwọn òyìnbó fi ń pín dúdú àti funfun. Ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan sì ní máàkì tirẹ̀. Nínú ìwé 1978, ẹni tí ó jẹ́ ààbọ̀ orc yóò gba àfikún lórí agbára àti líle ara, ṣùgbọ́n wọn yóò gé máàkì méjì kúrò lórí bí àwọn ènìyàn ṣe ń fẹ́ràn rẹ̀. Nínú ìwé mìíràn tí ó jáde ní 2016, bí ọmọ bá yàn láti jẹ́ odindi orc, wọn yóò gé máàkì méjì kúrò lórí làákàyè rẹ̀. Kí ó tó la ẹnu sọ̀rọ̀, kí ó tó hu ìwà kankan, ìwé ti sọ ọ́ di òpè. Àwọn elf kan sì wà tí wọ́n ń pè ní drow. Dúdú ni awọ ara wọn, abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ń gbé, òrìṣà búburú ni wọ́n tẹ̀lé tí wọ́n fi lé wọn kúrò lórí ilẹ̀, ìwà ìkà sì ni a fi mọ gbogbo ìlú wọn.

NÍBO NI ORC TI WÁ?

Ọ̀jọ̀gbọ́n J. R. R. Tolkien ni ó sọ orc di ohun tí gbogbo ayé mọ̀, nínú ìwé ìtàn rẹ̀ ńlá tí ó jáde ní 1954 àti 1955. Ní 1958, nígbà tí àwọn kan fẹ́ fi ìwé náà ṣe sinimá, ó kọ lẹ́tà láti ṣàlàyé bí orc ṣe rí. Ó ní wọ́n kúrú, wọ́n sígbọnlẹ̀, imú wọn tẹ́, ẹnu wọn fẹ̀, ojú wọn rí wẹ́kú. Ó sì fi wọ́n wé àwọn ará ìran Móngólì tí kò wu àwọn ará Yúróòpù í wò, ó ní irú wọn tí ó ti bàjẹ́ ni. Àwọn tí ń bá eré yìí jà kò yé tọ́ka sí lẹ́tà náà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á ṣe òtítọ́ sí òkú. Ọkùnrin yìí kan náà ni àwọn òǹtẹ̀wé ní Jámánì kọ̀wé sí ní 1938 láti bi í bóyá ìran tí Hitler ń gbé lárugẹ ni ó ti wá kí wọ́n tó túmọ̀ ìwé rẹ̀. Inú bí i gidigidi, ó sì sọ fún àwọn tí ń tẹ ìwé rẹ̀ pé ẹ̀kọ́ ìran tí wọ́n ń kọ́ni níbẹ̀ burú. Ọmọ ìjọ Àgùdà ni, ó sì dà á láàmú títí di ọjọ́ ogbó pé bóyá ni ó tọ́ kí ẹ̀dá kan wà tí kò lè ní ìràpadà láé. Nítorí náà, ẹnì kan lè kórìíra ẹ̀kọ́ búburú, kí ohun tí ó bá a dàgbà sì tún yọ́ wọ inú ohun tí ó kọ. Ìyẹn ni ó sì yẹ kí ó bà wá lẹ́rù jù lọ.

ÀWỌN ỌMỌ INÚ IHÒ

Ìwé eré kan tí Gygax kọ ní 1979 ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ fi kọ́ eré yìí. Àwọn akọni yóò wọ inú àwọn ihò kan láti pa orc àti àwọn ẹ̀dá mìíràn kí wọ́n sì kó ẹrù wọn. Ṣùgbọ́n nínú àwọn ihò náà, ìwé kọ ọ́ pé àwọn obìnrin àti ọmọ kéékèèké wà níbẹ̀. Báwo ni a ó ti ṣe àwọn wọ̀nyí? Láti ìgbà náà ni àwọn tí ń ṣeré ti ń bá ara wọn jiyàn. Àwọn kan ní kí a dá wọn sí. Àwọn kan ní ṣebí orc ni wọ́n, ibi ni a bí mọ́ wọn, tí wọ́n bá dàgbà wọn yóò pani.

Nígbà tí wọ́n bi Gygax fúnra rẹ̀ léèrè irú ọ̀rọ̀ yìí ní 2005, ó fara mọ́ pípa wọn, ó sì mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi mọ Ọ̀gágun John Chivington, pé ẹyin iná orí ni ń di iná orí. Ẹ̀yin ará, ta ni Chivington? Òjíṣẹ́ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni kí ó tó di ọ̀gágun. Ní ọjọ́ 29 oṣù kọkànlá, ọdún 1864, òun àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀ kọlu àgọ́ àwọn Cheyenne àti Arapaho ní Sand Creek, ní Colorado. Wọ́n pa ju 150 ènìyàn lọ, obìnrin, ọmọdé àti arúgbó ni wọ́n sì pọ̀ jù nínú wọn.

Nígbà tí a kà á dé ibí yìí, a gbé ìwé sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a fi pa ọmọ gidi ní 1864 ni a gbé wá yanjú ọ̀rọ̀ ọmọ inú eré. Ta ni yóò wá sọ fún wa pé eré kò ní ohun kankan í ṣe pẹ̀lú ayé?

KÍ NI ÀWỌN TÍ Ó GBÈ É Ń SỌ?

Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, òṣìkà ni. Àwọn tí ó fẹ́ kí a fi eré náà sílẹ̀ bí ó ti wà ní àlàyé tiwọn, a ó sì sọ ọ́ bí wọ́n ti ń sọ ọ́.

Èkíní, wọ́n ní orc kì í ṣe ènìyàn. Bí ẹja ti yàtọ̀ sí ẹyẹ ni orc ṣe yàtọ̀ sí ènìyàn. Kò sì sí ohun tí ó burú nínú pé kí ẹ̀dá kan lágbára ju èkejì lọ. Èkejì, wọ́n ní ìtàn gbọ́dọ̀ ní ọ̀tá. Èkẹta, èyí tí ó gún ni jù, wọ́n ní ẹni tí ó bá rí orc tí ó sì ronú kan ènìyàn dúdú, òun gan-an ni ìríra wà nínú ọkàn rẹ̀. Àwọn aláwọ̀ dúdú wà lára àwọn tí ń sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n ti fi ayọ̀ ṣe eré yìí láti kékeré, wọn kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa bá wọn sunkún.

A gbà pé ìtàn kò lè wà láìsí ọ̀tá. Àwa náà ka Fágúnwà ní kékeré, Agbákò sì dẹ́rù bà wá nínú ìwé 1938 náà. Ṣùgbọ́n ẹbọra kan ṣoṣo ni Agbákò, ìwà ọwọ́ rẹ̀ ni a fi mọ̀ ọ́n. Kò ní abúlé, kò ní ìyàwó tí ń dáná, kò ní ọmọ jòjòló. Ọjọ́ tí o bá ti fún ẹ̀dá kan ní ilé, èdè, oúnjẹ, ìlù àti ọmọ, ọjọ́ náà ni o ti sọ ọ́ di ènìyàn. Bí o bá wá sọ pé gbogbo wọn, àtọmọdé àtàgbà, ni kò lọ́gbọ́n tí wọ́n sì burú, ọ̀rọ̀ tí a ti sọ nípa ènìyàn gidi ni o ń tún sọ. Ìdí nìyí tí òǹkọ̀wé aláwọ̀ dúdú nì, N. K. Jemisin, fi sọ ní 2013 pé òun kò ní fi orc sínú ìwé òun.

Ní ti pé ẹni tí ó rí i ni ó ń kórìíra, ẹ jẹ́ kí á bi wọ́n léèrè: ta ni ó kọ́kọ́ wo ojú ọmọ ọdún 13 tí ó sì sọ pé “ó bá ọ mu”? Ọmọ náà kò sọ fún ara rẹ̀.

OHUN TÍ Ó YÍ PADÀ

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2020, ọlọ́pàá pa George Floyd ní Amẹ́ríkà, gbogbo ayé sì dìde. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, Wizards of the Coast, ilé iṣẹ́ tí ó ni eré náà báyìí, kéde pé àwọn ti fi orc àti drow hàn lọ́nà tí ó dà bí àbùkù tí a ti fi kan àwọn ẹ̀yà gidi, pé àwọn yóò sì tún un ṣe. Wọ́n mú máàkì làákàyè tí wọ́n gé lára orc kúrò. Wọ́n tún ìtàn àwọn Vistani ṣe, àwọn tí wọ́n fi àwòrán àwọn Roma ṣe nínú ìwé 2016, tí wọ́n sì pè ní ọ̀mùtí àti ẹlẹ́tàn. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n gbé ìwé jáde tí ó jẹ́ kí olúkúlùkù fi máàkì rẹ̀ sí ibi tí ó bá fẹ́, ẹ̀yà yòówù kí ó jẹ́.

Síbẹ̀, ní 2022, ilé iṣẹ́ náà gan-an tún ṣubú. Wọ́n tẹ ìwé kan jáde nínú èyí tí àwọn ẹ̀dá kan tí ó dà bí ọ̀bọ wà. Ìtàn wọn ni pé oníidán kan kó wọn lẹ́rú, ó fún wọn ní oògùn tí ó la ojú wọn, ó fẹ́ tà wọ́n, àwọn mìíràn ni ó sì dá wọn sílẹ̀. Àwòrán ọ̀kan nínú wọn tún dúró bí àwọn òyìnbó tí ń kun ojú ní dúdú nígbà àtijọ́ láti fi wá ṣẹ̀sín. Ariwo ta, ilé iṣẹ́ náà tọrọ àforíjì ní oṣù kẹsàn-án, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò. Ní òpin ọdún yẹn ni wọ́n sọ pé àwọn kò ní lo ọ̀rọ̀ náà, “ẹ̀yà”, mọ́. Nínú ìwé tuntun 2024, “irú ẹ̀dá” ni wọ́n kọ, máàkì sì ti di ohun tí iṣẹ́ àti ìgbésí ayé ẹni ń múni gbà, kì í ṣe ibi tí a bíni sí.

Ìjà kò tíì parí. Àwọn kan ní wọ́n ti ba eré àwọn jẹ́. Ní oṣù kọkànlá 2024, olówó nì, Elon Musk, bínú sí ìwé kan tí ó sọ àbùkù inú àwọn ìwé àkọ́kọ́, ó sì béèrè ní gbangba pé èló ni Hasbro, ilé iṣẹ́ ńlá tí ó ni Wizards. Lódìkejì, àwọn mìíràn ní àtúnṣe náà kò tó, pé orúkọ nìkan ni ó yí padà. Àwọn kan tí bàbá wọn dúdú tí ìyá wọn funfun sì ní inú àwọn kò dùn pé àwọn ẹ̀dá alábọ̀ kò sí nínú ìwé tuntun mọ́, nítorí pé nínú wọn ni àwọn ti ń rí ara àwọn.

Bàbá tí ó ní eré lásán ni, a fẹ́ kí ẹ gbọ́ èyí. Ní 2022 kan náà, Wizards gbé ilé iṣẹ́ kékeré kan lọ sí ilé ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà lórí orúkọ eré àtijọ́ kan. Ìwé tí wọ́n fi síwájú adájọ́ sọ pé nínú àkọsílẹ̀ eré ilé iṣẹ́ náà, ẹ̀yà kan wà tí wọ́n kọ “Negro” sí gbangba. Làákàyè rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 9 lọ. Ẹ̀yà òyìnbó aríwá tí ó wà níbẹ̀, tirẹ̀ kò gbọdọ̀ dín sí 13. Kò sí orc níbẹ̀, kò sí ìbòjú. Ohun tí àwọn kan ń sọ pé a kàn ń rò ni, ẹlòmíràn ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní nọ́ńbà.

ÀWA NÁÀ ŃKỌ́?

Kò yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì sí àwa tí ń ka Bíbélì. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn tí ń kó ẹrú fi ìtàn Hámù, ọmọ Nóà, dá ara wọn láre, pé ìran ègún ni aláwọ̀ dúdú. Ẹ ṣí Jẹ́nẹ́sísì orí 9 kí ẹ kà á fúnra yín: Kénáánì ni a fi gégùn-ún, kò sì sí ọ̀rọ̀ awọ ara kankan níbẹ̀. Wọ́n fi ohun tí ó wà lọ́kàn wọn kún ohun tí wọ́n kà.

Àwa náà kò sì mọ́. Nínú ilé wa, lójú àwọn ọmọ wa, ṣé a kì í sọ pé ahun ni ará ìlú báyìí, pé olè ni ẹ̀yà báyìí, pé ọmọ ibẹ̀ kò ṣe é fẹ́? A ti fún ará ìlú kejì ní máàkì kí ó tó dé ẹnu ọ̀nà. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí a pe ọmọ òun ní orc, kí ó má ṣe pe ọmọ ẹlòmíràn bẹ́ẹ̀.

ÈSÌ WA SÍ ÌYÁ WA

Ìyá wa ọ̀wọ́n, ẹ má gba eré náà lọ́wọ́ ọmọ yín. Bí ẹ bá gbà á, ohun tí yóò yé e ni pé òun ni ó ṣẹ̀. Ẹ má sì dákẹ́ pẹ̀lú, nítorí pé ó ti bi yín ní ìbéèrè, ẹni tí a bá bi ní ìbéèrè tí ó dákẹ́ ti fèsì.

Ẹ jókòó tì í. Ẹ ní kí ó fi ìwé náà hàn yín, kí ó kọ́ yín bí wọ́n ti ń ṣe é. Ẹ sọ fún un pé rárá, kò jọ orc, àti pé ẹni tí ó sọ bẹ́ẹ̀ ṣe àìdára. Ẹ sọ ìtàn tí a sọ yìí fún un, kí ó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ wá. Lẹ́yìn náà, kí ó yan ipa tí ó wu òun fúnra rẹ̀. Bí ó bá fẹ́ jẹ́ oníṣègùn, kí ó jẹ́ ẹ. Bí ó bá sì wù ú láti jẹ́ orc tí ó gbọ́n ju gbogbo wọn lọ, ìwé tuntun gbà á láyè. Òun ni kí ó yàn án. Ẹ lọ bá olùkọ́ tí ń bójú tó ẹgbẹ́ náà sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, láìsí ariwo, pé kí ẹnikẹ́ni má pín ipa fún ẹlòmíràn nítorí awọ ara.

Ní ti bàbá, a bẹ̀ yín, ẹ bá wọn jókòó lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rín tí ọmọ yín bá wọn rín lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn, ẹ ti rín irú rẹ̀ rí níbi iṣẹ́ ní ìlú òyìnbó, ẹ sì mọ bí ó ti ń korò lọ́fun. Ẹ má jẹ́ kí ó dá a gbé mì.

Ẹ̀yin tí irú ọ̀rọ̀ yìí ti kan ilé yín, ẹ kọ̀wé sí wa. Ó di oṣù tí ń bọ̀.